Opó Bàbá Fọwọ́kàn-án

"Tún un kà," ni télọ̀ wí. Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, ó gbé fóònù ìyá rẹ̀ súnmọ́ ojú. "Wọ́n ní, 'Ẹ bá wa kí Màmá, opó Bàbá Fọwọ́kàn-án. Kí wọ́n mọ́kàn le. Àwa tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ kò ní gbàgbé wọn láé.'"

"Ta ni Màmá?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá mi."

Ẹsẹ̀ télọ̀ dúró lórí ìtẹ̀ ẹ̀rọ. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé e wọ̀, bí ẹni pé awò náà ló jẹ̀bi.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Àwọn tó ń kí yín pọ̀ lọ súà. Ẹnì kan tilẹ̀ ní òun fẹ́ fi ìborùn ránṣẹ́ sí yín, kí òtútù má baà mú yín nínú ọ̀fọ̀ tí ẹ wà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọ náà, omijé sì wà lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan ló fà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni ìyàwó rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín fún àwọn méjèèjì.

Mẹkáníìkì bàálù ni ìyàwó tó kú yìí. Kì í ṣe àwọn bàálù ńlá tó ń kó èrò rékọjá òkun, bí kò ṣe àwọn kékeré ayé àtijọ́, tí egungun wọn jẹ́ igi, tí wọ́n fi aṣọ bo apá wọn, tí abẹ̀bẹ̀ onígi sì ń yí níwájú wọn. Àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ń tọ́jú wọn bí ẹni ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó sì mọ bí a ṣe ń tún wọn ṣe kò pọ̀ mọ́. Ilé bàálù kan wà lẹ́yìn ìlú, pápá koríko gbalasa wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin náà lo ọjọ́ ayé rẹ̀ sí, òróró dúdú lábẹ́ èékánná, sípánà lápò. Bó bá di pé kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ apá, a ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Télọ̀ a tẹ́ aṣọ náà sórí egungun igi, a fi abẹ́rẹ́ gígùn gún un láti òkè bọ́ sísàlẹ̀, a sì ta kókó kí ó tó bọ́ sí ojú abẹ́rẹ́ mìíràn, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi tú u. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà tó ń mú aṣọ le bíi pákó.

Ẹgbẹ́ kan wà lórí fóònù tí àwọn olólùfẹ́ bàálù àtijọ́ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n pọ̀ ju èrò ọjà lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fojú kanra rí. Àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ojú ènìyàn kò gbọdọ̀ hàn. Alága wọn ní ibi tí ojú bá ti yọ ni fáàrí ti ń wọlé. Kí ìyàwó télọ̀ tó wọ ẹgbẹ́ yìí, ó ti kọ́kọ́ wọ òmíràn, orúkọ obìnrin ló sì fi wọ̀ ọ́. Ó dáhùn ìbéèrè kan níbẹ̀, ọkùnrin kan fèsì pé, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe ọkọ yín wá." Ó jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó wọ èyí, Fọwọ́kàn-án ló pe ara rẹ̀, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ojú lásán mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì: fọwọ́ kàn án ná. Kò pẹ́ tí alága fi pè é ní Bàbá, ìyókù sì gbè é lẹ́yìn.

Télọ̀ bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò wí fún wọn.

"Ẹ́ńjìnnì kò bi mí," ni obìnrin náà dáhùn.

Ohun tí télọ̀ kò mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n yin iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lára apá bàálù, ìyàwó òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kejì òun nílé ló rán an. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń kí Màmá. Ó wá yé e báyìí ìdí tí obìnrin náà fi máa ń wo fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì, tí yóò wo òun, tí yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Bí òun bá bi í pé kí ló dé, a ní, "Wọ́n ní kí n bá wọn kí yín, télọ̀ mi."

"Kò burú," ni télọ̀ wí fún ọmọ rẹ̀, ó tún tẹ ẹ̀rọ. "Kí wọ́n máa pè mí ní Màmá. Kò bu ẹran lára mi."

"Kò tán síbẹ̀, Bàbá mi. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ fi bàálù pupa fò yí pápá ká ní ìrántí ìyá mi. Ẹgbẹ́ ti dìbò lórí orúkọ tí wọ́n máa kọ sí imú rẹ̀. Bàbá Fọwọ́kàn-án ni wọ́n mú."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàálù pupa ni obìnrin náà fi ṣe àṣekágbá. Àkísà àti igi tí kòkòrò ti jẹ ni wọ́n kó wá bá a. Òun ló gbẹ́ egungun tuntun, òun ló tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó sì tún un tò, títí ohun náà fi jáde sí gbangba bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àárẹ̀ tó pa á ti wà lára rẹ̀ nígbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sí wọn," ni ọmọ náà wí. "Ọ̀rọ̀ kan péré. Ìyá mi ni."

"O ò gbọdọ̀ dán an wò."

"Kí ló dé?"

"Ìyá rẹ lẹ́nu. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, ìbá ti sọ ọ́."

"Ẹnu yẹn ti dákẹ́, Bàbá mi. Tiyín ló kù. Àwọn àgbà náà ló sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

"Òwe lo fẹ́ fi nà mí nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá mi."

Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń gé aṣọ, ó ní ó dàbọ̀, ó padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Télọ̀ mọ̀ pé kò gbàgbé fóònù ọ̀hún. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ó fi ìwà jọ ìyá rẹ̀, kò jalè.

Kò pẹ́ tí awakọ̀ dé. Òun ló ni bàálù pupa, òun náà ló sì ń wà á. Ọkùnrin gíga ni, tó máa ń tẹ orí ba níbi gbogbo bí ẹni pé òrùlé ayé kúrú fún un. Òun àti télọ̀ jẹ́ ojúgbà, wọn kì í sì í ṣọ́ ẹnu fún ara wọn.

"Télọ̀, ṣé o ṣì ń gé ṣòkòtò kúrú fún àwọn ènìyàn?"

"Èyí tí mo rán fún apá bàálù rẹ, ṣé ó kúrú?"

"Kò kúrú. Ṣebí ìyàwó rẹ ló wọ̀n ọ́n kí ó tó gbé e fún ọ."

Àwàdà náà dé ọ̀dọ̀ òkú, ó sì tán síbẹ̀. Awakọ̀ fa àga, ó jókòó.

"Àtíìsì ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la," ni ó wí. "O ti gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó kọ?"

"Mo gbọ́."

"Ìyàwó rẹ bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n má sọ fún wọn pé obìnrin ni òun, mo sì pa á mọ́; nígbà tó kú, ohun tí mo kọ sí wọn kò ju pé Fọwọ́kàn-án ti lọ. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi ni n ó máa gun ohun yẹn. N kò fẹ́ kí irọ́ máa ṣíwájú mi nígbàkigbà tí mo bá gòkè."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ fún wọn?"

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ."

Télọ̀ mú ṣíṣọ́ọ̀sì, ó gé òwú tí kò sí ìdí fún un láti gé. "Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọ. Lónìí, gbogbo wọn gbà pé Fọwọ́kàn-án mọṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń ṣiyèméjì. Bí mo bá yọjú pé ọkọ rẹ̀ ni mí, wọ́n á ní, 'Àṣé ọkọ wà nídìí ẹ̀.' Kí oúnjẹ ọ̀sán wọn tó dà, gbogbo iṣẹ́ obìnrin yẹn ti di tèmi. Kí wọ́n fi fún bàbá tí kò sí láyé sàn ju kí wọ́n fi fún mi."

"Ìwọ? Ìwọ tí o kò mọ iwájú ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kò mọ̀."

Awakọ̀ dìde, ó tẹ orí ba kí ó má baà gbá ẹnu ọ̀nà. "Bí o bá ní kí n dákẹ́, n ó dákẹ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dákẹ́. Ohun tó bá kọ́kọ́ gbẹ ni gbogbo ayé máa kà."

Nígbà tó lọ tán, télọ̀ jókòó ti fóònù náà. Ó kọ́kọ́ wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò ké sí. Lẹ́yìn náà ló gbé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun ń wúkọ́, gbogbo mẹkáníìkì tí òun mú un lọ bá sì ní kí òun sọ ọ́ nù. Ó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí Fọwọ́kàn-án. Èsì tó padà wá kò ju ìlà kan lọ: "Ọ̀kan nínú àwọn písítìnì yín ń parọ́, ẹ yẹ ìkẹta láti iwájú wò." Ó yẹ ẹ́ wò, ó bá ibi tó ti là. Òmíràn ní òun fẹ́ fò lọ́jọ́ kan láìtíì di nọ́ọ̀tì kan le dáadáa, Fọwọ́kàn-án sì bá òun wí títí omi fi bọ́ lójú òun. "Bàbá tó bí mi lọ́mọ kò bá mi wí tó bẹ́ẹ̀ rí," ni ó kọ. "Ọpẹ́lọpẹ́ ìbáwí yẹn ni mo fi rí ọmọ mi gbé."

Télọ̀ ń kà á, àyà rẹ̀ ń kún. Ó rí lára rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá rí aṣọ tí òun rán lára ẹni tí kò mọ̀ rí, láàárín àwùjọ, tí aṣọ náà sì bá onítọ̀hún mu rẹ́gí. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ìyàwó òun gbówọ́. Kò mọ̀ pé ayé náà mọ̀. Lórí tábìlì oúnjẹ, obìnrin yìí kì í sọ ju pé, "Iṣẹ́ lọ dáadáa lónìí," lẹ́yìn náà a bèèrè iyọ̀.

Ó ń kà á lọ títí ó fi dé ibi tí ẹnì kan ti kọ báyìí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, n kò tíì kọ nǹkan síbí rí. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ilẹ̀ ni mí. Obìnrin ni mí, mo sì bí ọmọ méjì. Inú ohun tí Bàbá ń kọ ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ bàálù. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan lórí ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín torí pé obìnrin ni mí. Ó dùn mí pé n kò bi wọ́n."

Ọkùnrin kan ti fèsì lábẹ́ rẹ̀: "Bàbá ìbá ti dá ẹ padà sílé ìdáná, kí o lọ wo ohun tó ń jóná." Ọ̀pọ̀ ti fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Ẹlòmíràn tún gbè é: "Mo mọ Bàbá dáadáa. Wọn ìbá má tilẹ̀ dá a lóhùn."

Télọ̀ ka èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó ti gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ìdákẹ́ ìyàwó òun kò pa ẹnikẹ́ni lára, pé ọ̀rọ̀ àárín obìnrin náà àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni. Wàyí o, àwọn ènìyàn ti gbé orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ obìnrin bíi tirẹ̀ lójú. Gbólóhùn kan náà ni: ẹ bá wa pe ọkọ yín wá.

Ó jókòó, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ohun tó fẹ́ sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ.

"Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Èmi ni ẹ ń pè ní Màmá. Ọkùnrin ni mí, télọ̀ ni mí, irùngbọ̀n mi sì ti funfun. Ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá Fọwọ́kàn-án, ìyàwó mi ni, òun ló bí ọmọ mi. Èmi ni mo rán aṣọ apá àwọn bàálù náà, òun ló sì ń fi ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà hàn mí. Ní ti ẹ́ńjìnnì, n kò mọ nǹkan kan. Bí ẹ bá gbé e fún mi, aṣọ ni n ó fi bò ó. Ẹ má gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá gbé e fún mi. Sí ìyá tó ń tún ọkọ̀ ilẹ̀ ṣe: ìyàwó mi kò ní lé ọ lọ sí ibì kankan. Yóò bi ọ́ pé ohùn wo ni ẹ́ńjìnnì náà ń ké, yóò sì ní kí o fọwọ́ kàn án."

Ó fi í ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Orúkọ òkú ló hàn lójú ẹgbẹ́ pé ó ń kọ̀wé, ìbẹ̀rù sì mú àwọn kan. "Ta ló ń fi fóònù Bàbá ṣeré?" ni ẹnì kan bèèrè. Òmíràn ní kí alága yọ oníranù náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni èyí tí télọ̀ ń bẹ̀rù dé: "Àṣé iṣẹ́ ọkọ ni gbogbo ẹ̀."

"Ka ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni télọ̀ fèsì.

Awakọ̀ bá wọn dá sí i. "Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èmi ni mo ni bàálù pupa. Mo ti rí ọkùnrin yìí tó di sípánà mú. Ó dorí rẹ̀ kodò. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni ẹ̀mí mi wà ní gbogbo ìgbà tí mo fi fò, n kò sì fìgbà kan bẹ̀rù."

Télọ̀ ti rán apá ẹ̀wù kan parí kí alága tó kọ tirẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní Bàbá," ni alága kọ. "N kò bi í. N kò rò ó pé obìnrin lè mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ojú sì ń tì mí. Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹ má bínú, Bàbá ni mo fẹ́ kọ. Ọwọ́ yín ni orúkọ ara bàálù wà."

Obìnrin tó ń tún ọkọ̀ ilẹ̀ ṣe náà fèsì: "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó máa ń ké bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, bí ara rẹ̀ bá tutù nìkan." Télọ̀ kò mọ ohun tí èyí jẹ́. Kò sì pọn dandan kí ó mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ti dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin náà, wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí ohun tó há. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ ilé ìdáná ti yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá mú fóònù, ó kà á lórí ìdúró. Ó lọ kó aṣọ tí bàbá rẹ̀ gé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn jọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí ilé bàálù. Awakọ̀ ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò balẹ̀. Àtíìsì, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan lórí fóònù, ti ṣíwájú gbogbo wọn débẹ̀. Bàálù pupa dúró láàárín ilé, imú rẹ̀ lọ sókè, BÀBÁ gàdàgbà sì ti wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Àtíìsì ń ki búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ ọ̀dà láti bẹ̀rẹ̀ èyí tó kù.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà," ni ó wí. "Ẹ wò ó, ṣé kò rẹwà?"

"Ó rẹwà," ni télọ̀ dáhùn. "Pa á rẹ́."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Bàbá kọ́ ni."

Àtíìsì wo awakọ̀. Awakọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún télọ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo òrùlé. "Ẹ̀yin àgbà, ọ̀dà yìí ti fẹ́ gbẹ o," ni àtíìsì wí. "Ẹ kò mọ bí ojú mi ṣe ń ta mí lórí èyí tí mo ti kọ yìí."

Télọ̀ kò bá a jiyàn. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó mú àkísà lórí bẹ́ńṣì, ó rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, ó sì sún mọ́ bàálù náà. Apá nìkan ni iṣẹ́ máa ń gbé e dé lára bàálù. Imú, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lé irin náà kí ó lè dúró dáadáa, ó fi ọ̀tún nù ún. Funfun pò mọ́ pupa, ó ń ṣàn bọ̀ wá sílẹ̀. Ó ń nù ún lọ. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, télọ̀ mi orí fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti pa rẹ́, kò dúró. Ó nù ún lọ sápá òsì, ó nù ún lọ sápá ọ̀tún, títí imú bàálù fi ń dán láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

"Kí ni kí n wá kọ?" ni àtíìsì bèèrè.

"Ìyá Fọwọ́kàn-án."

Àtíìsì fi ojú wọn àyè náà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún wọ̀n ọ́n. "Bàbá, ibi tí ẹ nù yìí ti fẹ̀ ju ibi tí mo wọ̀n tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì."

"Mo mọ̀," ni télọ̀ wí. "Kọ ọ́ kí ó kún un."